Adé Ọrùn Ọwọ́ Àna Mi

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin mi mú ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ecuador kan wá sílé wa ní Thamesmead, pé ẹni tí òun máa fẹ́ nìyí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ti kọ́ ọ. Àmọ́ bó ṣe nawọ́ gba omi ni mo rí adé tí wọ́n fín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Èmi tí mò ń wo tẹlifíṣọ̀n ò nílò àlàyé. Àwọn ọmọ ìta tó ń sọ èdè Sípéènì ló ń fín adé. Wọ́n ní àwọ̀ tiwọn, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ẹni tó bá sì wọlé sínú ẹgbẹ́ wọn kì í jáde.

“Mummy, ó ti jáde tipẹ́,” ni ọmọ mi wí. “Ìdí tí mummy ẹ̀ fi gbé e wá sí London nìyẹn now.”

Mo ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Mo ní kò sí ìgbéyàwó, àfi kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead, kó wá wo irú ọmọlúàbí tí àwa jẹ́.

Obìnrin náà wá lóòótọ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ, ó sì wo inú: gbogbo wa wọ sùtánà funfun, a di àmùrè ní ipò-ipò, ọkùnrin kan mú ọ̀pá irin dání lẹ́nu ọ̀nà, adé ńlá sì wà lẹ́yìn aṣọ wòlíì wa. Ló bá gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó kó bàtà, ó jáde. Mo sá tẹ̀ lé e láìwọ bàtà, nítorí a kì í fi sùtánà wọ bàtà. Ìyẹn tún mú kó yára sí i.

Ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ni mo ti bá a. Ọmọ mi tó sá tẹ̀ lé wa ń túmọ̀: “Mummy, ó ní ta ni olórí yín? Ó ní ṣé ẹni tó bá wọlé lè jáde?”

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ aládé yẹn ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọmọ àjèjì tí kò ní alágbàwí, kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà dé Sípéènì, níbi tí àwọn ń gbé nígbà yẹn, wọ́n pa àkọ́bí òun. Èyí tó wà lọ́wọ́ òun yìí nìkan ló kù.

Mo fẹ́ sọ pé tiwa yàtọ̀. Mo wá rántí pé nígbà tí mo dé Woolwich tí mi ò mọ ẹnì kan, àwọn aláṣọ funfun yìí ló wá yàrá fún mi ní àdúgbò Connaught, tí wọ́n tún wáṣẹ́ ìtọ́jú ilé fún mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

“Sọ fún un pé ó lè jáde,” ni mo wí. “Kò sì pọn dandan kó wọlé.”

Wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́. Lónìí, ìyá àna mi máa ń wá síbi ìkórè wa, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, nítòsí ilẹ̀kùn, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lórí itan. Èmi náà máa ń jókòó tì í, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kó kó bàtà náà síta.