Bàbá mi, adìyẹ wa kò mutí yó

Bàbá mi, wọ́n mà ní mo ń fún adìyẹ lọ́tí mu!

Ìyá Dàpọ̀ tó ń ta oúnjẹ ní ọjà Isikan ló wá sóko wa ní Ilu-Abo láàárọ̀ yìí. Ó ti gbọ́ pé èérí àgbàdo láti ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọtí ẹ̀tánọ̀ọ̀lù ni mo ń pò mọ́ oúnjẹ àwọn bùrọ́ílà, adìyẹ tí a ń sìn fún ẹran, bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

"Ọmọ Tíṣà, ṣé adìyẹ tó ti yó lo fẹ́ tà fún mi?"

"Rárá, mà. Ọtí ti jáde lára èérí náà. Mo sá a gbẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo sì ń pò mọ́ oúnjẹ wọn."

Ó gbé ọ̀kan, ó fẹ́ ìyẹ́ àyà rẹ̀, ó tẹ ẹran ibẹ̀ wò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá sìn wọ́n láti ìgbà tí ẹ ti lọ nìyí.

"Hà! Ẹran rèé o! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi Tíṣà ni, mà."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kó gbogbo wọn fún mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ adìyẹ bàbá mi rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lẹ́nu yín síbí. Mo fẹ́ lọ kà á sí wọn létí lójú oórì wọn.