Àwọn Tó Wà ní Òdìkejì Títì

Ẹ wá wo Bàbá Aláago nídìí tábìlì rẹ̀! Síkúrù tí kò tó ẹyin eèrà, á fi ẹ̀mú gbé e, á yí i wọnú aago ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ní òdìkejì títì, òjìji lásán ni lójú rẹ̀. Ìtòsí ló ń rí, kì í rí ọ̀nà jíjìn, àtikékeré ló sì ti ń lo awò.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Abẹ wo tiẹ̀ ni? Ìmọ́lẹ̀ ni o! Lésà ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fá awọ iwájú ẹyinjú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tẹ́ bó ṣe yẹ. Ìmọ́lẹ̀ ń fá ẹran ara, ẹ gbọ́ nǹkan!

Ayọ̀ ló ṣì í lọ́nà. Bí ojú ṣe jinná báyìí, ó ju awò sínú dúrọ́ọ̀, ó ń kéde kiri: "Ojú mi ti là! Mo lè ka ìyẹ́ lára ẹyẹ tó ń fò lókè!"

Irọ́ ni. Ó ku díẹ̀ tí lésà ò fá tán. Ojú tì í láti sọ ọ́.

Tẹ́lẹ̀, bó bá bọ́ awò sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, tí ènìyàn juwọ́ sí i tí kò dáhùn, wọ́n á ní, "Kò rí wa ni." Ní báyìí tí kò sí awò mọ́, ìgbéraga ni wọ́n pè é. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún, juwọ́ sí i láàárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra. Kò dáhùn.

"Ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí fáwọn oníbàárà rẹ̀. "Ìyẹ́ ẹyẹ ló ń kà. Ta ló ń wo tèmi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń yà bá Bàbá Aláago tàkúrọ̀sọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ọ̀nà jíjìn. Kìkì aago ló ń dún sí i létí látàárọ̀ dalẹ́. Obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ló là á yé e:

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ò kí èèyàn mọ́."

"Ta ni mi ò kí?"

"Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"

Ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà wọn awọ iwájú ẹyinjú rẹ̀. "Ó ṣì nípọn tó, a lè fá a lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n àìrí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ tó kù yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ rí síkúrù nítòsí. Bá a bá mú un kúrò, ní ọjọ́ orí yín, ẹ ò ní lè ṣiṣẹ́ láìlo awò."

"Dókítà, aago kì í kí èèyàn. Ẹ fá a."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ta ló máa sìn yín relé?" Nígbà iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, onígbàjámọ̀ ló dì í lápá mú relé.

"Wọ́n ń bọ̀," ló wí. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Òun nìkan ló wọ takisí, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

Nígbà tó ṣe, ojú là ní tòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbójú sókè nídìí tábìlì, ó rí onígbàjámọ̀ kedere: irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú! Orí rẹ̀ wú, ó juwọ́ sí i. Onígbàjámọ̀ wò ó, ó sì kọjú sí ògiri.

Bàbá Aláago sọdá títì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Hẹn-ẹn."

"Irọ́ ni mo pa nígbà yẹn. Ojú mi ò tíì là. Mi ò rí ọ ni."

Sísọ́ọ̀sì ń gé irun lọ. "Ó ti wá là báyìí?"

"Ó ti là."

"Kí lo rí?"

"Mo rí i pé o kọjú sí ògiri."

Sísọ́ọ̀sì dúró díẹ̀. "Jókòó. Èèyàn méjì ló wà níwájú ẹ."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn méjèèjì sún díẹ̀ fún un, wọn ò sì bá a sọ̀rọ̀.