Ìyá Onírin Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Òṣòdì

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìkìrun, ara mi ò sì balẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ ohun tó ń lé mi. Ìyá mi ló ń fi osùn pa gbogbo ọmọ tuntun àdúgbò wa lára. Nígbà tó kú, mo gbẹ́ ère rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bàbá mi a sì máa fi ọwọ́ pa á lórí láràárọ̀ kó tó jókòó síta. Ikán jẹ ẹ́. Mo gbẹ́ òmíràn, ikán tún jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà bàbá mi ò jókòó síta mọ́. Mo ní ẹ̀kẹta ò ní jẹ́ igi.

Òṣòdì ni mo bọ́ sí. Ẹ gbà mí o, owó epo rọ̀bì ti dé Èkó lóòótọ́! Títì ni wọ́n ń là níbi gbogbo, katakata ń bú ramúramù, àgbá ọ̀dà tí wọ́n ti lò tán sì kún ẹ̀bá ọ̀nà. Nílé wa, gbogbo agbo ilé ni ì bá máa fi irú àgbá bẹ́ẹ̀ gbe omi òjò. Níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń jù ú nù.

Àbúrò mi, Rámọ́nì, tó háyà yàrá kan ní Ìsọlọ̀, ló wá pàdé mi. Ajórin ni ní Ṣógúnlé. Wẹ́dà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. A jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì rọ̀ ju ti ilé lọ, n ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà a kó àgbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ kí irin náà, bí a ṣe ń kí igi kí a tó gé e. Rámọ́nì rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n bi í bóyá ó ti jẹun. Àmọ́ bí iná rẹ̀ ṣe ń la irin, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Igi, èèyàn á máa gé e kúrò ni títí ère á fi yọ. Irin, èèyàn á máa fi kún un ni. Bí imú ò bá dáa, a ó gé e, a ó jó òmíràn mọ́ ọn. Irú kí lèyí!

Nígbà tí a parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ga dé àyà mi, ó ń kọ mànà. Bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣú, mo rẹ àpò sínú omi, mo fi wé e láti orí dé ẹsẹ̀. Bí a ti ń ṣe sí igi tútù nìyẹn kó má baà là. Ọwọ́ mi ló ṣe é, n ò tilẹ̀ rò ó.

Láàárọ̀, Rámọ́nì tú àpò náà, ó káwọ́ lérí. Gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà á jẹ́. Omi ló ń pa irin.”

Inú bí mi sí ara mi. Ó sáré gbé ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà wá, ó ní kí a tètè kùn ún, kí ará ilé má baà sọ pé ìdọ̀tí lòun dì fún mi. Mo tún wo ère náà. Pupa yẹn ti tàn láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn.

“Má kùn ún,” ni mo wí.

Ó ní Èkó ti yí mi lórí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí dé ibùdókọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n òun náà ló bá mi gbé e sókè. Nínú ọkọ̀ ni mo ti rò ó pé igi a máa là, irin a máa pọ́n. Oníkálukú ló ní ìwà tirẹ̀, agbẹ́gilére ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ti pọ́n nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ ilé gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi jáde, ó yí i po. Ó fi ọwọ́ pa á lórí bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti di pupa.

“Osùn rẹ̀ nìyí,” ló wí.

Kò nu ọwọ́ náà. Ó ní kí n gbé àga òun wá síta.