Ọjọ́ Ìsinmi Tí Màmá Ọkọ Mi Ń Kà

Orin kẹta la wà tí mo fura pé nǹkan ti tutù lábẹ́ sùtánà mi. Sùtánà funfun ni o! Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tiwa létí omi níbí, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé. Mo rọra dìde, mo kọjú sí pẹpẹ, mo ń fi ẹ̀yìn rìn jáde. Àwọn àgbà ìjọ rò pé ọ̀wọ̀ pẹpẹ ni, wọ́n ń ké "Halelúyà!" Èmi ń wá ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù. Èmi àti ọkọ mi la jọ pinnu rẹ̀. Nígbà tí mo bí ọmọ wa kẹrin, ẹ̀jẹ̀ kò dá; inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti dákú ká tó dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní bí oyún mìíràn bá tètè wọlé, ó lè gbẹ̀mí mi. Màmá ọkọ mi nìkan la ò sọ fún, torí ó gbà pé abẹ́rẹ́ máa ń gbẹ ilé ọmọ, ó sì ń retí ìkarùn-ún lójú méjèèjì.

Họ́mónù ni èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè láti darí nǹkan oṣù. Abẹ́rẹ́ yìí ń fi irú rẹ̀ kún ti ara, kí ẹyin obìnrin má baà gbó. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán láìlọ́jọ́, ó sì lè dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ti sọ gbogbo èyí fún mi. Àmọ́ nígbà tó ń sọ ọ́, ìdí ẹja tí mo fi sórí iná nílé lọkàn mi wà.

Tèmi kán fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Orí ń fọ́ mi, ọmú ń ro mí, inú ń bí mi sí ohun gbogbo títí kan ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí mo bá ti ka ọjọ́ mẹ́fà tó mọ́, á tún kán ní ìkeje. Orí afárá pákó níta ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù. Màmá á yọjú lójú fèrèsé, á fi èdè etí omi wa pè mí ní ọmọ rẹ̀: "Ọma mi, kò tíì tán?" Ó ń gbé omi àdúrà wá, mo ń mu ún títí inú mi fi ń dún.

Mo padà sí ilé ìlera. Àwa obìnrin mẹ́rin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń yẹra fún ojú ara wa. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ojú mi bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dín lára mi. Ó ní bó bá dà púpọ̀, kí n má dúró nílé rárá. Ṣùgbọ́n eléyìí, kí n ní sùúrù.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo wọ sùtánà, mo jó wọlé àdúrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko, n kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Àṣé Màmá ń kà á! Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹsàn-án, ó gbé agbọ̀n ẹja síwájú ìjọ, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, ìyàwó ọmọ òun ti lóyún. Gbogbo ìjọ bú sórin. Èmi náà kọ ọ́, àmọ́ kí n má tàn yín, èmi alára ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Kò sí oyún. Mo sunkún ayọ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, mo sì padà sílé lọ jẹ́wọ́.

Màmá ń yan ẹja. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀. Ó yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó kẹ́yìn.

"Ọjọ́ tí o dákú, ṣé o mọ ẹni tó ń gbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ jáde nínú ọkọ̀?" ló bi mí. "Èmi ni. Ṣé èmi náà ló máa wá ní kó o lọ kú?" Ó nu ojú, ó ní èéfín ni. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹja mi tí wọ́n ti jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

Nǹkan oṣù mi ti padà báyìí, díẹ̀ ni, ó sì ń mọ ọjọ́ rẹ̀. Mo ti bú ara yìí tó. Mo wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé mi la omi náà já. Màmá kò dẹ́kun kíkà. Bí ọjọ́ bá ti pé, orí afárá ló ti máa ń ké sí mi: "Ọma mi, abẹ́rẹ́ rẹ dọ̀la. Mo ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀."