Ìlà Tí Benjamin Fà

Ọláníkẹ́ ti igun páálí ìṣáná bọ inú igun tó fi ẹfun yà sára ògiri àgbàlá. Ó ṣe wẹ́kú. Ó yọ ọ́, ó fi àtàǹpàkò nu etí páálí náà, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ti ń tẹ ìwé fún àwọn ọ̀gá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, Ọpẹ́olúwa, ló ń gbé ní àdúgbò Cadjèhoun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ọjọ́ kan ló ṣí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìnídìí. Kò pa á dé mọ́.

Ó fi ọmọrí ìkòkò ya àmì róbótó, ó fa ìlà la àárín rẹ̀ gan-an já. Ibi yòówù tó bá yàn létí róbótó náà, tó bá fa ìlà wá síbẹ̀ láti orí méjèèjì ìlà àárín, igun tó ń rí níbẹ̀ kì í yàtọ̀ sí igun páálí. Kí ló fà á? Láti ìgbà òjò ló ti ń wá ìdí rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún Benjamin, olùkọ́ tó ń wá kọ́ àwọn ọmọ nírọ̀lẹ́, pé kò gbọdọ̀ sọ fún òun.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó díẹ̀," ni Benjamin wí.

"Má ta mí lólobó kankan."

"Ẹ máa pa ara yín lórí nǹkan kékeré."

Ó la ẹnu láti fèsì, ọkọ̀ òfurufú sì dé. Ní àdúgbò yẹn, bí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lórí òrùlé, oníkálukú á dákẹ́ títí yóò fi lọ. Ó dákẹ́. Benjamin mú ẹfun, ó fa ìlà kan láti àárín róbótó náà lọ bá igun ọ̀hún.

Onígun mẹ́ta kan di méjì. Ọláníkẹ́ rí ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Mo ní kó o má sọ."

"N ò sọ nǹkan kan, Màmá. Ìlà lásán ni mo fà."

Ọpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. "Ṣé ìdánwò lẹ fẹ́ lọ ṣe ni? Olùkọ́ ti bá yín ṣe é. Ẹ dúpẹ́."

"Kí n máa jẹun, kó yọ òkèlè lẹ́nu mi, kó gbé e mì, kí n wá kí i kú iṣẹ́?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìlà náà. Ó parẹ́ lára ògiri. Ọláníkẹ́ ṣì ń rí i. Ọkọ rẹ̀ olóògbé a máa bá a parí ọ̀rọ̀ tí kò tíì sọ tán. Àwọn ọ̀gá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bá ẹnì kankan nínú wọn jà.

"Mo ní òmíràn tó le ju èyí lọ." Ohùn Benjamin ti rẹlẹ̀.

"Gbé e lọ fún ìyá tìrẹ."

Ẹ̀rín Ọpẹ́olúwa dá. "Màmá, ẹ ní kí wọ́n má bínú. Bí wọn ò bá wá mọ́, ta ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ?"

"Èmi ni mò ń bínú."

Ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà. Ọlọ́kadà kan dúró, ó bi í bóyá ọjà Dantokpa ló ń lọ. Ọláníkẹ́ juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri pápákọ̀ òfurufú lọ, kò wẹ̀yìn.