Kúlà Òfìfo

Lọ́dún tí àwọn ológun ń mú kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹsẹ̀ òsì mi kọ́kọ́ kọ̀, tí kò gbọ́ tèmi mọ́. Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀wọ̀. Mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, sọ́jà ní kí n fò. Mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀. Ó rò pé oríkunkun ni. Oríkunkun náà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tèmi, ti ẹsẹ̀ ni.

Ní Ìbàdàn, dókítà àgbà kan fi òòlù kékeré gbá mi lórúnkún, ó fi abẹ́rẹ́ fa omi nínú ọ̀pá ẹ̀yìn mi, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò mí. Ẹ́mù-ẹ́sì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ó ní àwọn òyìnbó ló sábà máa ń mú, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ènìyàn dúdú. Mo dúpẹ́. Nígbà tí ìjọba ń ti ọjà òkè òkun mọ́ ẹnu bodè, tèmi rọ́nà wọlé láìgba láísẹ́ǹsì.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí Ọlọ́run fi ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn. Àwọn tèmi ti ṣìnà: wọ́n kọjú ìbọn sí onílé, wọ́n ń bó ohun tó wé mọ́ iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti ojú, bí ẹni ń bó rọ́bà ara wáyà iná. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Ọmọ Nàìjíríà wo ni kò ní yé, pé sọ́jà kúrò ní bárékè, ó wá gba ilé onílé? Oògùn tó fún mi ni pé kí n sinmi, kí n má ṣe iṣẹ́ agbára, kí n má rìn ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo sì sinmi. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ṣe iṣẹ́ ìsinmi. Àìsàn náà a dé, a tún lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ ni yóò mú díẹ̀ dání nínú agbára mi. Iṣẹ́ tíṣà bọ́, ọkọ mi kú, mo padà sí ilé bàbá mi ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti jẹ́ olórí ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì tún jẹ́ ènìyàn pàtàkì nínú ìjọ Áńgílíkà. Nínú ilé yẹn, bí mo bá na ọwọ́ sí ife omi, ènìyàn mẹ́ta ni yóò dìde. Ká ní pẹ̀lẹ́ ń wo àìsàn ni, èmi ni ǹ bá máa sáré kiri Ọ̀wọ̀.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá kan ṣe ní ilé ìyá wa ní Ìpele, ìlú kékeré kan nítòsí Ọ̀wọ̀. Ó ní atẹ́gùn wà níbẹ̀, kò sí ariwo. Mo mọ yàrá náà. Ibẹ̀ ni ìyá wa dùbúlẹ̀ sí fún ọdún mẹ́ta, ìgbà tí wọ́n sì fẹ́ sin ín nìkan ló jáde. Ẹ̀rù yàrá yẹn bà mí ju ẹ̀rù àìsàn lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1997, mo tún padà sí Ìbàdàn. Dókítà mìíràn ni mo bá, ọ̀dọ́mọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pinnu bóyá kí òun hù. Ó ní kí n máa rìn. Ó ní èrò àwọn dókítà ti ń yí padà: kí n rìn níwọ̀n, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ara mi má gbóná, nítorí ooru a máa dá ẹsẹ̀ àti ojú mi dúró. Mo bi í bóyá ìrìn yóò dá àwọn sọ́jà padà sí bárékè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan rò pé bí ènìyàn bá ń lo ara rẹ̀ níwọ̀n, ara á máa tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó lè pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú, ṣùgbọ́n kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Ohun tó dájú ni pé ẹsẹ̀ tí a kò lò yóò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún tí mo ti fi sinmi ńkọ́? Ta ni kí n lọ bi?

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó mi orí. "Aláìsàn kì í rìn kiri. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà. Bí o bá ṣubú lójú títì lẹ́ẹ̀kan péré, Ìpele yá."

Lásìkò yẹn, bẹntiróòlù wọ́n, gbogbo Nàìjíríà ló ń fẹsẹ̀ rìn. Ìjọba ń fún ará ìlú ní ìtọ́jú tèmi lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò kàn polongo rẹ̀ ni. Síbẹ̀, èmi nìkan ni ìrìn kò yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń bi mí pé, "Tíṣà, ibo lẹ ń lọ?" Mo ní mo kàn ń rìn ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń lé mi. Ọlọ́kadà kan ní kí n gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n tó padà délé, ẹnìkan ti wá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àìsàn náà ti gun orí mi, òmíràn sì ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, kó má lé mi jáde nílé.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú kúlà oúnjẹ kan, mo fi aṣọ dì í, mo gbé e dání. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohunkóhun mọ́. Ẹni tó gbé kúlà ní ibi tó ń lọ.

Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa nìkan ló dá mi dúró. "Ọmọ mi, kí l'ọ́ wà nínú rẹ̀?" Mo ní oúnjẹ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìjẹ̀bú ni. Àdúgbò kan ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀ ni Ìjẹ̀bú, bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ gan-an kò yé mi. Ìyá gba kúlà náà, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n sókè sódò, ó dá a padà fún mi láìṣí i. "Ọ́ wúwo," ó wí. Ó wọlé, ó sì gbé abọ́ ògì kan jáde. "Bá mi mú u dé ulé ọmọ mi l'Ìjẹ̀bú."

Bí mo ṣe di ìránṣẹ́ nìyẹn. Àràárọ̀ ni mo ń gbé ògì Ìyá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí yóò gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín tí mo rò pé ọpẹ́ ni. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi gbọ́. Ẹnìkan fi ìwé orin rán mi sí ẹ̀gbẹ́ akọrin, ẹnìkan fi aṣọ rán mi sí télọ̀. Ẹnìkan fẹ́ fi àkùkọ rán mi, mo ní rárá, nítorí bó bá já, ta ni yóò lé e? Wọ́n gba ìwé tíṣà lọ́wọ́ mi, Ọ̀wọ̀ fún mi ní iṣẹ́ mẹ́séńjà. Ṣùgbọ́n itan mi ń le, mo sì ń dé Ìjẹ̀bú láìfara ti ògiri kankan.

Ó wá di ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Télọ̀ ní kí n dúró díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní n kò ní lọ láìjẹun. Ìgbà tí mo máa fi bọ́ sójú títì, oòrùn ti dúró lórí mi gangan. Ojú mi ṣú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọlọ́kadà tí mo ti ń kọ̀ fún láti ọjọ́ yìí ló gbé mi délé, bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Sátidé, Ìpele."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ Ìyá wá kí mi. Ó ní àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi òun léèrè mi. Mo ní oníbàárà kí ni? Ó ní, "Ògì ni mo ń tà, ẹ̀yin ò mọ̀ ni?" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Alaalẹ́ ló ń fi ògì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Láàárọ̀, èmi a gbé ògì kan náà padà fún un. Ìyá ti kìlọ̀ fún un pé kó má sọ.

Inú bí mi. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ni wọ́n ń fi ògì tàn kiri bí ọmọdé tí a fi iṣẹ́ tí kò sí rán kó má bàa yọ ilé lẹ́nu. Mo kọjú sí ògiri. Mo ní kí Sátidé tètè dé.

Ó dé. Píkọ́ọ̀pù wà níta, ẹní àti tìmùtìmù mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá wọlé pẹ̀lú abọ́ ògì, ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò wo ọkọ̀. Ó gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi mú u dé géètì."

"Ta ló wà ní géètì?" Ohùn mi le.

"Èmi." Ó yí padà, ó lọ dúró síbẹ̀.

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi dé géètì kò ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé lọ. Mo fi èjìká gbá ògiri mú títí ògiri fi tán. Awakọ̀ ń wò mí, ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ dì mí mú, Ìyá ní kó fi mí sílẹ̀. Mo gbé òsì, mo gbé ọ̀tún. Ògì dà sí mi lọ́wọ́ díẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé òógùn ni.

Ìyá gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wo inú rẹ̀, ó bu ẹnu àtẹ́ lu èyí tó dà.

"Ọ́ ṣé," ó wí. "L'ọ́la, ulé kẹta."

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ọkọ̀. Ó gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹní mi sílẹ̀.