Ọjọ́ Tí Mo Pa Kọ̀ńpútà Anti Ràfátù Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ní àdúgbò Alajo ni mo ba kọ̀ńpútà Anti Ràfátù jẹ́. Àdúgbò Nima ni Anti ti wá. Ojú wọn kò ríran, ọ̀gá wa sì fẹ́ dán wọn wò ní aago méjì ọ̀sán, bóyá wọ́n á lè máa tẹ ìwé fún wa. Wọ́n nílò ètò ìkọ̀wé kan tó máa ń fi ohùn ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la máa tò ó jọ láti inú kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́. Mo ti fọ́nnu fún ọ̀gá pé iṣẹ́ kékeré ni.

Ètò yìí kò dá dúró. Àwọn ètò kéékèèké ló gbára lé. Ètò kan tí à ń pè ní pákéèjì mánẹ́jà ló máa ń bá èèyàn wá gbogbo wọn, á sì tò wọ́n síbi tó yẹ. Èmi kò lò ó. Mo ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń to ti àtijọ́ lé ti tuntun lórí. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ohùn tó máa ń sọ ohun tó wà lójú kọ̀ńpútà fún Anti tẹ́lẹ̀ pàápàá ti dákẹ́.

"Ìdòwú, ṣé kò sí wàhálà?" Anti bi mí.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Anti."

Mo sáré pe Ẹ̀gbọ́n Múfú lórí fóònù, àgbà nídìí iṣẹ́ wa.

"Kí ni kọ̀ńpútà kọ síbẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Àṣìṣe ló kọ, ẹ̀gbọ́n."

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, àṣìṣe wo? Kà á dópin."

Mo kà á. Orúkọ ètò kékeré tí kọ̀ńpútà ń wá tí kò rí wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Mi ò kà débẹ̀ rí.

"Kò bá ẹ jà," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ ni."

Mo yọ gbogbo ohun tí mo ti dì síbẹ̀ kúrò, mo wá pàṣẹ fún pákéèjì mánẹ́jà kó kó ohun tí ètò náà nílò wá. Ìlà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú kọ̀ńpútà.

"Kí ló ń ṣe báyìí?" Anti bi mí.

"Ó ń kó èlò jọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ta ló ń se waakye, ìrẹsì ẹlẹ́wà, láìní ẹ̀wà?"

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, Anti sì tẹ orúkọ ara wọn. Kọ̀ńpútà pè é bí òyìnbó, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ka ojú ìwé kan fún wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n sì tún sọ ibi tí ọ̀gá ti ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá gbà wọ́n síṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Anti fúnra wọn ló fi ètò náà sórí kọ̀ńpútà obìnrin mìíràn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí òun náà kò ríran. Mo dúró lẹ́yìn wọn, bóyá wọ́n á nílò mi. Wọn ò nílò mi. Inú mi dùn, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.